Bí Mo Ṣe Wá Olùkọ́ Ìbọn ní Tchaourou

Nígbà tí mo kúrò ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ kan ni ìyá mi dì kún ẹrù mi: ibi yòówù kí n dé, kí orúnkún mi má ṣe le. Ó ní ìyàwó tí orúnkún rẹ̀ bá le kì í gbó nílé ọkọ. Mo gbọ́ràn. Mo gbé orúnkún náà dé Tchaourou, ìlú ọkọ mi ní ilẹ̀ Benin, mo sì ń kúnlẹ̀ fún ohun gbogbo tó ń mí nínú agbo ilé wọn. Ìyá ọkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ, àbúrò ọkọ, títí kan àwọn ọmọ tí ikun imú wọn kò tíì gbẹ, torí pé wọ́n ti bí wọn kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Bí ewúrẹ́ ilé náà bá mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kíkí, ǹ bá kí òun náà.

Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ni mò ń lọ. Wọ́n ṣáà sọ fún mi pé Yorùbá ni wọ́n. Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ Yorùbá tí Faransé ti jẹ létí bí eku ṣe ń jẹ aṣọ. Wọ́n á fi "bon" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á fi "voilà" parí rẹ̀, ohun tó wà láàárín ni kí o máa wá fúnra rẹ. Èmi tí mò ń sọ èdè bàbá mi geere ni wọ́n wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti lanu báyìí, àwọn ọmọ á pariwo pé, "Tata Nigéria, tún un sọ!" Àǹtí ni tata lẹ́nu wọn.

Ìgbà Révolution sì ni, tí àwọn sójà ń ṣe ìjọba ibẹ̀. Bí o bá dé ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní lapóòsì, kì í ṣe ẹ káàárọ̀ lo máa sọ. O máa na ìkúùkù sókè, o máa ké pé "Prêt pour la révolution!", òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á ké pé "La lutte continue!", ìyẹn pé ìjà ń bá a lọ, lẹ́yìn náà ló tó máa sọ fún ọ pé sítáǹbù ti tán. Mo bi ọkọ mi léèrè lọ́jọ́ kan pé ta gan-an ni wọ́n ń bá jà. Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn mọ ẹ̀rín rín.

Iṣu ló ń rà ní àwọn oko Sanson, á kó o wá sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Tchaourou, rélùwéè á sì gbé e lọ sí Kútọ̀nù. Lọ́jọ́ kan olè dá a lọ́nà ní ojú ọ̀nà Sanson. Ó ní ọkùnrin náà kọ́kọ́ kí òun dáadáa, bí ẹni ń kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, "Ẹ kú ọ̀nà o, tonton," òun sì sọ ẹrù ọwọ́ òun kalẹ̀ láti dá a lóhùn. Ìgbà tó gbé ojú sókè, kùmọ̀ ti dé orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ìbọn ìléwọ́ kan, tó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ sí oko, mo sì mọ iṣu jù ú lọ láìpẹ́. Ibà ló padà wá pa á, kì í ṣe olè. Kò sí ìbọn tí wọ́n ń yìn fún ibà. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọkọ mi ní àbúrò ọkùnrin kan. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, nítorí náà mo ti fún un ní orúkọ tèmi láti ọjọ́ tí mo wọlé: Akọ̀wé. Ó ka ìwé díẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Nígbà tí Révolution dé, wọ́n fún un ní aṣọ kákí àti bàtà tó tóbi jù ú lọ, wọ́n sì fi í ṣe olùkọ́ àwọn mílíísì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n ń kọ́ ní ogun jíjà. Camarade Instructeur. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "ọkọ mi" ni mò ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀, ní àràárọ̀.

Nígbà tí mo jáde opó, ẹbí jókòó, wọ́n ní Akọ̀wé ni yóò ṣú mi lópó. Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n rò pé mo ti gbà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Sìkírá, ó sì ṣì kéré. Wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí mo bá padà sí Ṣakí, ọmọ kò ní bá mi lọ. Bí mo bá sì fẹ́ dúró tì í láìjẹ́ aya Akọ̀wé, àfi kí n bọ́ ara mi. Iṣu Sanson ni mo mọ̀ tó lè bọ́ àwa méjèèjì, obìnrin kan ṣoṣo kò sì ní gba ọ̀nà yẹn ní ọwọ́ òfo. Gbogbo rẹ̀ wá so mọ́ ìbọn tí ọkọ mi fi sílẹ̀.

Akọ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń ṣa iṣu lẹ́yìnkùlé, ó mú délégué wá, ìyẹn ọkùnrin tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì.

"Ọ̀kú o, tata," ni délégué wí. "Bon, ọ̀rọ̀ pistolet yẹn la bá wá."

"Ẹ ṣáà ti rí ìwé ìpele kìíní tí mo gbà lórí ìbọn yíyìn, tonton."

"Mo rí i, c'est bon. Mais ìpele kìíní, tout le monde, gbogbo èèyàn ló ní i. Ẹni tó máa gbé ìbọn jáde sójú ọ̀nà, donc, ó gbọ́dọ̀ ní ìpele kejì. Kí iṣu tuntun tó jáde."

"Bí n kò bá ní i ńkọ́?"

Akọ̀wé ló dáhùn. "Ìbọn ilé wa ni. Yóò padà sọ́wọ́ ọkùnrin ilé tó bá ní ìwé." Kò sí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà ju òun lọ. Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. "Má ṣe ìyọnu, ìyàwó mi. Wá sí kíláàsì mi. Gratuit, ọ̀fẹ́ ni. Ṣé a ò ní jẹ́ ti ara wa ni?"

"Olùkọ́ yòówù tí ìjọba bá ti mọ̀, tata, o lè lọ bá a," ni délégué fi kún un. "Ìdánwò nìkan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ níbí, lójú mi."

Ojú Akọ̀wé yí díẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ìyẹn. Èmi di gbólóhùn náà mú ṣinṣin.

Kí ẹ tó máa rò pé mo ti di ọ̀jagun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìpele kìíní jẹ́. Wọ́n kọ́ wa ní orúkọ gbogbo ara ìbọn ní Faransé. Wọ́n kọ́ wa pé ẹnu ìbọn kì í kọjú sí èèyàn, pé ìka kì í sí níbi tí wọ́n ti ń fà á títí ẹni fi fẹ́ yìn ín. Lẹ́yìn náà wọ́n fún kálukú ní ọta díẹ̀ láti yìn sára ògán, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ògán kì í sá, kì í kígbe, kì í sì í kí èèyàn. Ẹni tó bá rò pé òun ti mọ ìbọn torí pé òun bá ògán, kó lọ máa gbé láàárín ikán.

Kí n tó lọ sí kíláàsì Akọ̀wé, mo lọ pe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní pósọ́fíìsì Ṣakí, òun ló máa ń pe ìyá wa wá síbi tẹlifóònù. Ní Tchaourou, èèyàn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lapóòsì títí wọ́n fi máa pe orúkọ rẹ̀, á wá wọ inú kábínì onípákó kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í dé. Ìlà náà gba Kútọ̀nù, ó gba Èkó, ẹni bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ní Ṣakí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo Tchaourou gbọ́.

"Ìyá, wọ́n fẹ́ ṣú mi lópó fún àbúrò ọkọ mi!"

"Ṣé ó ń lù ọ́ ni?"

"Rárá!"

"Ṣé ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìbọn yíyìn!"

"Iṣẹ́ ìjọba?" Mo gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn rẹ̀ láti ìdí ayé. "Ọmọ mi, orí rẹ kò gbàbọ̀dè!"

"Ìyá, n kò fẹ́ ẹ!"

Mo ń gbọ́ bí wáyà náà ṣe ń hó. "Máa kúnlẹ̀ fún wọn," ló wá sọ. "Máa rọra. Ìkúnlẹ̀ kì í pa obìnrin." Ìlà sì já.

Nígbà tí mo jáde, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wo ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ lapóòsì ní, "Camarade, kábínì kì í ṣe ilé ẹjọ́ o." Ó dùn mọ́ ọn nínú, ó ti rí ohun tó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀. Mo bínú sí i, mo bínú sí ìyá mi, mo bínú sí Ṣakí látòkè délẹ̀. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ni wọ́n máa ń wí. Wọn kò sọ ohun tí onílé máa ṣe bí àwọn ará ilé bá ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn láti inú, tí wọ́n ń sọ pé ibi tó wà yẹn dára fún un. Ní Tchaourou, mo jẹ́ Tata Nigéria. Ní Ṣakí, mo ti di ìyàwó àwọn ará ibòmíràn. N kò rí ìlú kẹta tí mo lè lọ.

Kíláàsì Akọ̀wé wà ní pápá ilé ìwé. Àwọn ìyàwó àdúgbò wa ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí pé wọ́n ti sọ fún wọn pé Révolution ń fẹ́ obìnrin. Ohun tí Révolution ń fẹ́ kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n máa yí gbirigbiri nínú eruku, kí wọ́n máa fò lórí àgbá, kí wọ́n sì máa kígbe. Ìbọn pákó ló wà lọ́wọ́ wa, ìbọn gidi sì wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ó ń fi ìka yí i, ó ń fi tọ́ka sí ẹni tó bá fẹ́ bá wí, ó ń fi họ ẹ̀yìn ọrùn. Kò sí ẹnì kankan tó béèrè bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Èmi béèrè. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló ní ká ṣe ohun tí òun pè ní ojú ogun. Òun á fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìwé pẹ̀lú àdá pákó, òun ni olè. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á wọlé, olè á yọ sí i, òun náà á fa ìbọn yọ. Èyí àkọ́kọ́ wọlé. Akọ̀wé fò jáde. Obìnrin náà ní, "Yéè! Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi," ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ìbọn pákó rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìró. Èyí tó tẹ̀lé e náà kúnlẹ̀. Ẹ̀kẹta tiẹ̀ fi ìbọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kúnlẹ̀, torí pé èèyàn kì í fi ohun ìjà kí ọkọ.

Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ní ikùn. Àgùntàn, mo ní. Ó wá kan èmi. Mo mọ ibi tó wà, mo mọ ohun tó máa ṣe, mo ti múra sílẹ̀. Ó fò jáde. Kí ọwọ́ mi tó dé ibi àpò ìbọn, orúnkún mi ti kan ilẹ̀, mo sì ti ń gbọ́ ohùn ara mi tó ń béèrè bóyá ó sùn dáadáa.

"Très bien," ni Akọ̀wé wí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ẹ wo obìnrin tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ẹ bá mi wò ó. Olè ni ó, ó mú àdá dání, gbogbo wa sì kúnlẹ̀ fún un, ó wá yìn wá. Inú rẹ̀ dùn dé ìdí. Ó ní bí a ṣe ń lọ yìí, gbogbo wa la máa gba ìwé. Mo rìn lọ sílé, ẹ̀rù sì bà mí gidi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó lu ọkọ mi kì í ṣe àjèjì oníjàgídíjàgan, ẹni tó kí i ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa mí lójú ọ̀nà Sanson kò nílò ju pé kó pè mí ní ìyàwó rẹ̀ lọ.

N kò padà síbẹ̀. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Mo pinnu pé bí mo ṣe ń yan iṣu ni màá ṣe yan olùkọ́: màá tẹ orí rẹ̀ wò, màá yí ìdí rẹ̀ sókè, n kò sì ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń tà á.

Wọ́n ní ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Parakou. Mo lọ. Ó ní ọ́fíìsì, fáànù ń yí lókè, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kún ara ògiri débi pé aláǹgbá kò rí ọ̀nà gbà. Ó fún mi ní omi tútù. Ó pè mí ní Madame. Ó ní kíláàsì òun máa ń kún gan-an, àwọn èèyàn ńlá ló ń wá, àti pé ìwé ẹ̀rí ti wà ní títẹ̀, orúkọ mi nìkan ló kù kí òun kọ sí i.

"Ẹ kò ní kọ́kọ́ wo bí mo ṣe ń di ìbọn mú?" ni mo béèrè.

"Ah non, Madame. Ìpele kejì nìyí. Ẹ ti mọ ìyẹn."

Mo mu omi rẹ̀ tán, torí pé òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì dágbére fún un. Èèyàn tí kò jẹ́ kí o tẹ orí iṣu rẹ̀, iṣu rẹ̀ ti rà.

Ẹni tó kù ni adjudant kan ní Tchatchou, sójà àtijọ́ láti gúúsù. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó dára. Wọ́n ní ó burú, ó máa ń lé èèyàn, kì í sì í kọ́ ju ẹni méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ. Mo bá a níwájú ilé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ife sódàbì, ìyẹn ògógóró wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ta káàdì pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, ó sì ń rẹ́ ẹ jẹ lójú mi. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀, ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Obìnrin náà sá lọ kó tó kọ́ ọ tán, nítorí náà kò sí ìbọ̀wọ̀ kankan nínú Yorùbá ọkùnrin yìí.

"Kí lo fẹ́, Nago?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún.

Mo sọ fún un.

Ó da sódàbì inú ife rẹ̀ nù, ó na ọwọ́ sí tábìlì. "Gbé ìbọn rẹ síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sí ògiri. Yọ ọta." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. "Wò ó bóyá ó ti tán." Mo wò ó. "Tún wò ó." Mo tún wò ó. "Tún wò ó."

"Mo ti wò ó!"

"O ti bínú. Ẹni tó bínú máa ń gbàgbé. Tún wò ó."

Mo wò ó. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó wo bí mo ṣe yìn ín lu ògán. Kò yìn mí. "Ìpele kìíní rẹ kò bàjẹ́. Ta ló ń dẹ́rù bà ọ́?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni."

"Irọ́. Ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni kì í jókòó sẹ́yìn camion akẹ́rù kó wá wo ojú mi."

Mo sọ ọ̀rọ̀ orúnkún fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá gbọ́. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì rí ìdí tí mo fi lè yí i padà lẹ́yìn náà. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú, ó ní, "Orúnkún Nago, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe. Ìyá yín ti bà á jẹ́. Bon. Jẹ́ kí orúnkún máa lọ. Kí ọwọ́ náà bá a lọ."

Ohun tí mo kọ́ ní Tchatchou nìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Orúnkún ń lọ sílẹ̀, ọwọ́ ń lọ sí àpò ìbọn, ìkan kò gbọ́dọ̀ dúró de èkejì. Ó ní kí n máa kí i nígbà tí mo bá ń ṣe é, torí pé ẹnu mi kì í pa mọ́, kí ọwọ́ má baà máa retí kí ẹnu ṣe tán. Ó ní kí n yéé wo ojú èèyàn: ojú kò pa ẹnikẹ́ni rí, ọwọ́ ni kí n máa wò. Ó ní bí ọ̀nà àtisá bá wà, kí n sá, kí n fi iṣu sílẹ̀, iṣu kò ní sunkún mi. Lọ́jọ́ tó ní kí n fi ọwọ́ òsì yin ìbọn, mo kọ̀. Mo ní ọmọ àlè ló ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń lọ sí ilé bàbá mi níbí, pé bí olè bá ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi, ṣé màá ní kó dúró kí ó jinná ni? Mo fi òsì yìn ín. Iṣu ló gbà lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa èyí tó dára jù, ó sì ń sọ pé iṣu ọ̀dọ̀ wọn dùn jù ú lọ.

Mo máa ń bú u láti Tchatchou títí dé Tchaourou. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan Sìkírá sá yọ sí mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń ṣeré, mo sì rí i pé orúnkún mi ti lọ, ọwọ́ mi ti bá a lọ, ojú mi sì wà lára ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Gúgúrú ló wà nínú wọn. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ bá a jẹ ẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ iṣu tuntun. Délégué jókòó sórí àga lábẹ́ igi ní pápá ilé ìwé. Adjudant pẹ́ dé, ó ń rùn sódàbì, nígbà tí gbogbo èèyàn sì na ìkúùkù sókè fún Révolution, ikùn ló ń họ. Àwa tí a wá ṣe ìdánwò yin ìbọn lu ògán, ìyẹn kò gba àkókò. Lẹ́yìn náà ó gba ìbọn gidi lọ́wọ́ wa, ó yọ ọta lójú délégué, ó wò ó, ó tún wò ó, ó sì fún mi ní ìbọn pákó tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn. Yàrá ìwé ló kù.

"Èmi ni màá ṣe olè," ni Akọ̀wé wí. "Ìdílé kan náà ni wá, yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Adjudant wò ó láti bàtà dé fìlà.

Mo wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, bí ẹni tó ń ti oko bọ̀. Orí àwọn èèyàn kún ojú fèrèsé. Akọ̀wé kò fò jáde lọ́tẹ̀ yìí, kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó rọra rìn jáde, ọwọ́ kan lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọkọ rere.

"Ìyàwó mi," ló pè mí. "Ṣé o jí ire?"

Orúnkún mi lọ. Apẹ̀rẹ̀ já bọ́, mo sì wà nílẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. "Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ìlú ńkọ́?" N kò fo ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ó ti gbé ẹsẹ̀ sí i kó tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi méjèèjì ti bá orúnkún lọ, ẹnu ìbọn pákó náà sì ń wo àárín àyà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ mọ́.

"Bon, ìyàwó mi, ó ti tó. Dìde."

"Ẹ kò tíì dá mi lóhùn, ọkọ mi. Ìyàwó kì í dìde kí ọkọ tó dá a lóhùn."

"Igi ni," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ibì kankan.

"Igi ni, ọkọ mi. Ẹ fi ọwọ́ tó wà lẹ́yìn yẹn hàn mí."

Mo rí i tó ń wá ibi tí ojú mi wà, kó lè fi ojú bá mi wí bó ṣe máa ń ṣe nílé, kò sì rí i, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. N kò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Àdá pákó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gòkè.

"Mo jí ire," ló wí. "Ilé wà. Gbogbo rẹ̀ wà."

Mo wá dìde, mo sì gbọn eruku kúrò ní ìró mi.

"Ọkùnrin yìí ti kú," ni adjudant sọ fún délégué láti ẹnu ọ̀nà, ó tu itọ́ sílẹ̀. "Fún un ní papier rẹ̀, kí n máa lọ."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irú èyí kò sí nínú ìlànà, pé obìnrin kò lè máa kí èèyàn kó sì tún máa yìnbọn. Délégué ń buwọ́ lu ìwé mi, kò gbé ojú sókè. "Camarade," ló wí, "ìwọ lo na ọwọ́ sókè. Gbé wọn wálẹ̀ wàyí."

Ó ṣì na ọwọ́ náà sókè lóòótọ́.

Mo gba ọ̀nà Sanson lọ́dún yẹn àti lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo sì kó iṣu dé ibùdókọ̀ ojú irin. N kò yin ìbọn náà fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Tata Nigéria, mo sì ti ń jẹ́ ẹ. N kò di ọmọ ìlú, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ mí kí n dì í. Mo dúró síbẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni ọmọ mi ń sùn, ìdí yẹn sì tó mi. Ẹbí kò dárúkọ ìṣúpó mọ́. Akọ̀wé ṣì wà nínú agbo ilé, mo sì ń kí i ní àràárọ̀ bí ó ṣe yẹ.

Nígbà tí mo tún pe Ṣakí, mo gbé Sìkírá dání nínú kábínì onípákó yẹn. Gbogbo bẹ́ǹṣì tẹ́tí sílẹ̀.

"Ṣé o ń kúnlẹ̀ fún wọn?" ni ìyá mi pariwo.

"Mò ń kúnlẹ̀, Ìyá!"

"Ṣé wọ́n ń dá ọ lóhùn dáadáa?"

"Kíákíá ni, Ìyá!" mo pariwo padà. "Kí orúnkún mi tó kan ilẹ̀, wọ́n ti dáhùn!"